720,720: Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa nọ́ńbà tí 1 títí dé 16 ń pín láìṣẹ́kù

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Adó, Ìkéré àti Ìjerò ló ń bi mí ní ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí, àwọn òbí wọn sì máa ń fi tiwọn kún un. Mo kó wọn jọ sójú kan. Àwọn ìdáhùn kan gùn, àwọn kan kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni mo ṣe dáhùn rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ 720,720? Ṣé kò sí nọ́ńbà ńlá mìíràn ni?

Nítorí 16 ni. Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n yọ lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ní ìjọba ìbílẹ̀ 16. Kí ìpínlẹ̀ tó dé rárá, ọba aládé 16 ni àwọn àgbà máa ń kà fún Èkìtì. Ẹni tó bá sún mọ́ Ifá pẹ̀lú mọ̀ pé ojú odù jẹ́ 16. Bí ẹ bá wá béèrè pé nọ́ńbà wo ló kéré jù lọ tí 1, 2, 3, 4, títí dé 16 lè pín tí kò ní í ṣẹ́ ohunkóhun kù, 720,720 ni. Kò sí èyí tó kéré sí i tó lè ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe ṣeé pín tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù kan tóbi ju 720,720 lọ, síbẹ̀ 3 kò lè pín in, 7 kò lè pín in, 9, 11 àti 13 náà kò lè pín in. Gbogbo nọ́ńbà tó lè pín mílíọ̀nù kan láìṣẹ́kù kò ju 49 lọ. Ti 720,720 jẹ́ 240.

Báwo la ṣe ń pè é ní Yorùbá?

Nínú ìkà àtijọ́, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Nítorí náà, ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì ni, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún. Ìkà yìí rọrùn ju ti òde òní lọ, èyí tí a ní láti fi ẹgbẹ̀rún gbé e kalẹ̀ kí a tó tún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún pè lẹ́ẹ̀kejì.

Báwo ló ṣe tóbi tó?

Ẹ gbà pé ẹnìkan jókòó láti kà á láti orí 1, nọ́ńbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sùn, kò jẹun. (Kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì tán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.) Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò tó parí, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 12. Ọjọ́ 8, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 12 géérégé ni 720,720 ìṣẹ́jú àáyá.

Lójú onímọ̀ ìṣirò, nọ́ńbà kékeré ni èyí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo wọn pín in? Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ó dára. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò:

720,720 ÷ 2 = 360,360
÷ 3 = 240,240
÷ 4 = 180,180
÷ 5 = 144,144
÷ 6 = 120,120
÷ 7 = 102,960
÷ 8 = 90,090
÷ 9 = 80,080
÷ 10 = 72,072
÷ 11 = 65,520
÷ 12 = 60,060
÷ 13 = 55,440
÷ 14 = 51,480
÷ 15 = 48,048
÷ 16 = 45,045

Bí ẹ bá dé 17, ó tán: 17 lọ́nà 42,395 jẹ́ 720,715, ó wá ṣẹ́ku 5. Ṣùgbọ́n 18 tún pín in, 40,040 ni ìdáhùn. 20, 21, 22, 24, 26, 28 àti 30 náà pín in.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn yẹn ṣe ń tún ara wọn pè: 360,360, 240,240, 144,144. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe lè rí nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fi 1 sọ 2 di púpọ̀, wọ́n á fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á máa bá a lọ títí dé 16. Ohun tí wọ́n máa rí ni 20,922,789,888,000. Gbogbo nọ́ńbà 1 títí dé 16 lè pín ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ kọjá ohun tí a ń wá. Wọ́n ti san owó ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé 1 àti àwọn fúnra wọn nìkan ló lè pín wọn. Ẹ jẹ́ ká máa pe irú wọn ní aláìṣeépín. Láti 2 dé 16, mẹ́fà ni wọ́n: 2, 3, 5, 7, 11, 13. Gbogbo nọ́ńbà yòókù, ara àwọn wọ̀nyí ni a ti hun ún. 12 jẹ́ 2 × 2 × 3. 15 jẹ́ 3 × 5. 14 jẹ́ 2 × 7.

Ìbéèrè tó kù ni pé: 2 mélòó ni a nílò? 16 ló ń béèrè 2 tó pọ̀ jù, nítorí 2 × 2 × 2 × 2 ni. Mẹ́rin tó. Bí mẹ́rin bá ti wà nílẹ̀, ti 8 ti wà nínú rẹ̀, ti 4 àti ti 12 náà ti wà nínú rẹ̀. 3 mélòó? 9 ló ń béèrè jù, méjì tó. 5, 7, 11 àti 13, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó. Nítorí náà:

720,720 = 2⁴ × 3² × 5 × 7 × 11 × 13

16 × 9 jẹ́ 144. 144 × 5 jẹ́ 720. 7 × 11 × 13 jẹ́ 1,001. 720 × 1,001 jẹ́ 720,720. Ó parí. Irú nọ́ńbà yìí, èyí tó kéré jù lọ tí gbogbo wọn jọ lè pín, ni olùkọ́ ìṣirò ń pè ní LCM.

Kí ló dé tí 720 fi tún ara rẹ̀ pè?

Nítorí 1,001 tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà olójú mẹ́ta yòówù tí ẹ bá fi 1,001 sọ di púpọ̀ yóò tún ara rẹ̀ pè, nítorí ìlọ́po 1,000 rẹ̀ ni, pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà olójú mẹ́ta kan, bíi 418, kí ẹ tún un kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀: 418,418. Láìwo ẹ̀rọ ìṣirò, mo lè sọ fún yín pé 7, 11 àti 13 yóò pín in: 59,774; 38,038; 32,186. Àwọn ọmọ máa ń rò pé idán ni títí ẹ ó fi fi 1,001 hàn wọ́n.

Mo gbọ́ pé ìṣirò yìí wúlò fún ọjọ́ ọjà. Lọ́nà wo?

Ó wúlò gan-an, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé àwọn ìyá wa mọ̀ ju ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ná ọjà ọrọọrún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìpàdé ní ìsán-ìsán. Ó ń dá èésú ní ìtàdógún-ìtàdógún. Ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Lónìí, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ wo ni yóò tún rí bẹ́ẹ̀?

Ọmọ tó mọ LCM dáadáa ni yóò kọ́kọ́ ṣìnà níbí. Yóò gbọ́ ọrún, yóò kọ 5. Yóò gbọ́ ìsán, yóò kọ 9. Ìtàdógún, 17. Ọ̀sẹ̀, 7. Yóò wá sọ wọ́n di púpọ̀: 5 × 9 × 17 × 7 = 5,355 ọjọ́, ìyẹn ọdún mẹ́rìnlá ó lé. Bó bá sọ ọ́ fún ìyá náà, ẹ̀rín ni yóò fi rín in.

Ohun tó fa á ni pé ìkà ọjọ́ tiwa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí òní bá jẹ́ ọjà, òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní, ọ̀la ni ìkejì, ọ̀túnla ni ìkẹta, ọjọ́ karùn-ún sì ni ọjà tún dé. Ọjọ́ tó wà láàárín ọjà méjì, ìyẹn bí ọjọ́ ṣe ń yí, jẹ́ 4. Lọ́nà kan náà, ìsán ń yí ní ọjọ́ 8, ìtàdógún ń yí ní ọjọ́ 16. Ẹ rí i pé 4 wà nínú 8, 8 wà nínú 16. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí èésú bá bọ́ sí, ọjà wà lọ́jọ́ náà, ìpàdé wà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló kù tó ń dá tirẹ̀ rìn. 16 × 7 jẹ́ 112. Ọjọ́ 112, ọ̀sẹ̀ 16 géérégé, ni gbogbo rẹ̀ yóò tún pàdé. Kì í ṣe ọdún mẹ́rìnlá.

Àwọn tó ṣètò ọrún, ìsán àti ìtàdógún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sọ 4 di ìlọ́po méjì-méjì kí àwọn ọjọ́ náà lè máa bá ara wọn mu. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé lẹ́yìn kò bá ìlà yẹn mu.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣe é dé òpin rẹ̀. Ẹ ro ó pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjà kan. Ọjà àkọ́kọ́ ń wáyé lójoojúmọ́, èkejì ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, títí dé ẹ̀kẹrìndínlógún tó ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún. Gbogbo wọn sì wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ọjọ́ tí gbogbo ọjà 16 yóò tún wáyé pọ̀ jẹ́ ọjọ́ 720,720 lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ka ọdún tí oṣù Kejì máa ń ní ọjọ́ 29 mọ́ ọn, ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 3970. Ní ìdajì ọ̀nà, lọ́jọ́ 360,360, ọjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ yóò wáyé pọ̀, ṣùgbọ́n ti ìkẹrìndínlógún yóò ṣì ku ọjọ́ 8. Ọjà kan ṣoṣo yẹn ló sọ ìdúró náà di ìlọ́po méjì.

Ẹ ní àwọn tó lè pín in jẹ́ 240. Ṣé ẹ jókòó kà wọ́n ni?

Kò sídìí. Ẹ wo 2⁴ × 3² × 5 × 7 × 11 × 13 lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti kọ nọ́ńbà kan tó lè pín in, tí a ó máa pè ní olùpín, ẹ ó yan iye 2 tí ẹ fẹ́: kò sí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. 3: ọ̀nà mẹ́ta. 5: ẹ fẹ́ ẹ tàbí ẹ ò fẹ́ ẹ, ọ̀nà méjì. 7, 11 àti 13 bákan náà. 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 = 240.

Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn: 1 pẹ̀lú 720,720, 2 pẹ̀lú 360,360, títí dé àwọn méjì tó súnmọ́ ara wọn jù, 840 àti 858. Nínú 240 yẹn, 48 ni 2 kò lè pín. Mẹ́fà péré ló jẹ́ nọ́ńbà kan tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀: 1, 4, 9, 16, 36 àti 144.

Ta ló kọ́kọ́ fi irú nọ́ńbà yìí ṣe iṣẹ́ gidi?

Srinivasa Ramanujan, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí ní ọdún 1887, tó sì kú ní 1920 ní ọmọ ọdún 32. Ó dé Cambridge ní 1914, ó sì gbé iṣẹ́ gígùn kan jáde ní 1915 lórí àwọn nọ́ńbà tí olùpín wọn pọ̀ ju ti gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí wọn lọ. Ẹ wò ó bí ìdíje láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: nọ́ńbà kan yóò wọ ẹgbẹ́ yìí kìkì bí kò bá sí àbúrò rẹ̀ kan tó ní iye olùpín tó bá tirẹ̀ dọ́gba tàbí tó jù ú lọ. 1, 2, 4, 6, 12, 24, 36, 48, 60, 120 ló ṣáájú. 720,720 wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ gan-an ni 665,280 pẹ̀lú olùpín 224. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni 1,081,080 pẹ̀lú 256.

Òfin ẹgbẹ́ yìí le. 360,360 dára, 1 dé 15 lè pín in, olùpín rẹ̀ sì jẹ́ 192. Síbẹ̀ kò wọlé, nítorí 332,640 kéré sí i, òun náà sì ní 192. Ohun tí 360,360 kò ní, 2 kan ṣoṣo ni. Ẹ fi 2 yẹn kún un, ó di 720,720, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí kò tó mílíọ̀nù kan, kò sí èyí tí olùpín rẹ̀ ju 240 lọ. Márùn-ún ló dé ibẹ̀: 720,720, 831,600, 942,480, 982,800 àti 997,920. Tiwa ló kéré jù nínú wọn. Ẹ wo 942,480 dáadáa: 720,720 náà ni, àmọ́ wọ́n yọ 13 kúrò, wọ́n fi 17 rọ́pò rẹ̀. Iye olùpín kò yí padà, nọ́ńbà ló kàn wúwo sí i. Ìyẹn jẹ́ ká mọ bí àwọn ẹgbẹ́ yìí ṣe máa ń rí: àwọn aláìṣeépín inú wọn máa ń tò tẹ̀léra láti orí 2, kò ní í fo ọ̀kan, èyí tó kéré jù ló sì máa ń wọlé jù. Ẹni tó bá fi owó ńlá ra ohun tí owó kékeré lè rà, Ramanujan kò ní í gbà á sí ẹgbẹ́.

Mo kà á níbì kan pé ó tún wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ga ju ìyẹn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹgbẹ́ Ramanujan, àwọn àṣàyàn kan wà tó jẹ́ pé bí a bá gbé iye olùpín lé orí ìwọ̀n pẹ̀lú títóbi nọ́ńbà náà, wọ́n borí àbúrò, wọ́n sì borí ẹ̀gbọ́n. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìyí: 2, 6, 12, 60, 120, 360, 2,520, 5,040, 55,440, 720,720. Ohun tó wù mí jù nínú wọn ni pé aláìṣeépín kan ṣoṣo ni ẹ nílò láti gun ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 2, ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà 2, 5, 2, 3, 7, 2, 11, àti 13 níkẹyìn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí ìwé.

Kí ni “nọ́ńbà àkúnwọ́sílẹ̀”? Ṣé ọ̀kan ni?

Ẹ kó gbogbo olùpín nọ́ńbà kan jọ, ẹ yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ ro yòókù pọ̀. Bí ó bá bá nọ́ńbà náà dọ́gba, ó pé: 6 jẹ́ 1 + 2 + 3, 28 náà pé. Bí kò bá tó o, ó dín. Bí ó bá jù ú lọ, ó kún wọ́ sílẹ̀. Ti 720,720 jẹ́ 2,529,072, ó ju ìlọ́po mẹ́ta òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí a bá ka òun náà mọ́ ọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,249,792.

Ní 1944, Leonidas Alaoglu àti Paul Erdős ṣe ìwádìí lórí àwọn nọ́ńbà tó ń kún wọ́ sílẹ̀ jù lọ, tí a bá fi títóbi wọn wọ̀n ọ́n. Mẹ́wàá tí mo kọ sókè yẹn náà ló tún wà níwájú níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí: ní 1984, Guy Robin fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìkúnwọ́sílẹ̀ yìí kan àbá tí Riemann, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, dá ní 1859 nípa bí àwọn aláìṣeépín ṣe tò láàárín àwọn nọ́ńbà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí di òní. Ó fa ìlà kan sílẹ̀. Bí àbá Riemann bá jẹ́ òótọ́, kò sí nọ́ńbà tó ju 5,040 lọ tí yóò dé ìlà náà. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá dé e, àbá náà ti wó nìyẹn. Ẹ fi nọ́ńbà pín àpapọ̀ olùpín rẹ̀: ti 5,040 jẹ́ 3.838, ìlà rẹ̀ sì jẹ́ 3.817, ó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ti 720,720 jẹ́ 4.509, ìlà rẹ̀ sì jẹ́ 4.634. Kò dé e. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà ńlá kan tó dé e, gbogbo ayé ni yóò mọ orúkọ yín. Níhìn-ín ní Èkìtì, níbi tí àwọn agbo ilé ti ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn sí ara wọn, mi ò lè sọ pé kò ṣeé ṣe.

5,040 yẹn kan náà ni Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, yàn fún iye ìdílé tó yẹ kó wà nínú ìlú tó ń rò lọ́kàn, nítorí 1 dé 10 lè pín in, ó sì rọrùn láti pín ilẹ̀ àti iṣẹ́.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí 720,721 jẹ́ aláìṣeépín.

Ó jọ bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí nọ́ńbà láti 2 dé 16 tó lè pín 720,721, nítorí 1 ni yóò máa ṣẹ́kù nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kò sí ẹlòmíràn tó lè pín in. 71 × 10,151 ni. Èyí tó wà lápá kejì 720,720, ìyẹn 720,719, jẹ́ 31 × 67 × 347. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́ ìtàn Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, nípa pé àwọn aláìṣeépín kò lópin ló sábà máa ń kó sínú kòtò yìí. Euclid kò sọ pé bí a bá sọ àwọn aláìṣeépín di púpọ̀ tí a sì fi 1 kún un, yóò di aláìṣeépín. Ohun tó sọ ni pé aláìṣeépín tuntun kan yóò wà nínú rẹ̀. 71 ni tiwa.

Ǹjẹ́ nǹkan kan pa á pọ̀ mọ́ Ifá, yàtọ̀ sí 16?

256 odù kò lè pín in. 256 ń béèrè 2 mẹ́jọ, mẹ́rin péré ló wà nílẹ̀. Nọ́ńbà tó kéré jù tí 1 dé 16 àti 256 jọ lè pín ni 11,531,520.

Nǹkan kan wà tó máa ń wu àwọn ọmọ aláwo tí mo bá kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ń fi 0 àti 1 nìkan kọ nọ́ńbà, bí babaláwo ṣe ń tẹ ẹyọ kan tàbí méjì sójú ọpọ́n. Ẹ kọ 45,045, ìyẹn 720,720 tí a pín sí 16, lọ́nà yẹn: 1010111111110101. Ojú 16 ni. Ẹ kà á láti iwájú, ẹ kà á láti ẹ̀yìn, ọ̀kan náà ni. Mi ò sọ pé Ifá ló fi bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ o. Ó kàn bọ́ síbẹ̀ ni.

Àwọn ẹgbẹ́ wo ni kò wọ̀?

Kì í ṣe aláìṣeépín. Kò pé bí 6 ṣe pé. Kò sí nọ́ńbà odindi tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó fún wa ní 720,720. Kò sì sí nọ́ńbà odindi méjì tí a lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a ro èsì méjèèjì pọ̀, kó jẹ́ 720,720. Ẹyọ 7 àti ẹyọ 11 inú rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ro ojú rẹ̀ pọ̀, 7 + 2 + 0 + 7 + 2 + 0, ó jẹ́ 18, 18 sì pín in, ó jẹ́ 40,040.

Kí ló wúlò fún gan-an?

Fún ìdá. Bí ẹ bá fẹ́ ro 1 + 1/2 + 1/3 títí dé 1/16 pọ̀, 720,720 ni ẹ ó fi sísàlẹ̀. Ẹ ro àwọn ìdáhùn ÷ 2 dé ÷ 16 tí mo tò sókè pọ̀, kí ẹ fi 720,720 fúnra rẹ̀ kún un: 2,436,559. Nítorí náà, 2,436,559/720,720 ni ìdáhùn, kò ṣeé dín kù mọ́. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà lè lò ó kí ìdá má baà ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́.

Fún ààbò owó ní báǹkì, kò wúlò rárá. Ọ̀nà tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé kalẹ̀ ní 1977 ń lo nọ́ńbà gígùn tí aláìṣeépín méjì péré wà nínú rẹ̀, kí ó lè nira láti tú. 720,720 ń tú fúnra rẹ̀ lójú ọmọ girama.

Ṣé wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní WAEC?

LCM àti aláìṣeépín, bẹ́ẹ̀ ni. Riemann, rárá.

Bí wọ́n bá dá ìjọba ìbílẹ̀ kan kún ti Èkìtì, tó di 17, nọ́ńbà wo la ó lò?

12,252,240. 17 jẹ́ aláìṣeépín, nítorí náà ó ní láti wọlé fúnra rẹ̀. Bó bá di 18, ẹ má yí nǹkan kan padà, nítorí 18 jẹ́ 2 × 9, àwọn méjèèjì sì ti wà nílé. Bó bá di 19, ó fò sí 232,792,560. 20, 21 àti 22 kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá wá fi ìkẹtàlélógún kún un yóò rí 5,354,228,880.